Ẹ Bá Mi Gba Fèrè Lọ́wọ́ Ọdẹ

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ṣàánú ajá. Wọ́n gbà pé etí rẹ̀ ló di. Ajá òde òní kò dití. Ó ń gbọ́ fèrè ketekete. Ariwo rẹ̀ ló ń bí i nínú, ló bá sanwó fún ẹni tí yóò gba fèrè lọ́wọ́ ọdẹ.

Ẹ dé ilé Baba Lándìlọ́ọ̀dù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Oòrùn mú ganrínganrín, sólà ń da iná sínú bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n torí ẹ̀ ta ilẹ̀. Lójijì, bátìrì gé iná. Ínfátà ké, gílóòbù ṣẹ́jú, fíríìjì dákẹ́. Bàbá fò dìde: "Ṣé NEPA ti wọ inú bátìrì mi ni?"

Oníṣẹ́ iná dé. Kò tilẹ̀ yọ mítà jáde nínú àpò. "Ẹ má da ara yín láàmú, sà. BMS inú ẹ̀ ló ń ṣagídí. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò, ká so ó dáírẹ́ètì."

"O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti mọ̀ pé ọ̀tá kan wà nínú páálí yẹn."

Ọ̀tá yìí, BMS, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì, òun gan-an ni ọdẹ. Sẹ́ẹ̀lì 16 ló sábà máa ń wà nínú irú bátìrì ńlá bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ọ̀kankan kọjá 3.65 fólítì, ìyẹn 58.4 tí a bá ro gbogbo wọn pọ̀. Àmọ́ kọntiróólà sólà ṣì wà lórí ètò bátìrì olómi tí wọ́n yọ dànù. Bí equalize ibẹ̀, ìyẹn iná àfikún tí wọ́n fi ń mú bátìrì olómi dọ́gba, bá bẹ̀rẹ̀, ó lè tì í kọjá 60. BMS ní rárá, wọ́n ní ó ń ṣagídí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àpapọ̀ kò ga rárá. Bí sẹ́ẹ̀lì 15 bá wà ní 3.4, tí ẹyọ kan ti sáré dé 3.7, ohun tí ojú ínfátà yóò kọ ni 54.7. Bàbá yóò búra pé bátìrì kò tíì kún. Àpapọ̀ ni Bàbá ń wò. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni BMS ń ṣọ́.

Ẹni tó fẹ́ mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè ṣí áàpù bátìrì lórí fóònù lásìkò tó bá gé iná, kó wo bóyá sẹ́ẹ̀lì ló ga jù ni, tàbí ooru abẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n há a mọ́. Bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì bá jọ ga, kó dín kọntiróólà kù sí 56, kó sì pa equalize. Bí ẹyọ kan bá ń dá sáré, kí oníṣẹ́ wò ó bóyá bóòtù ibẹ̀ dẹ̀, kí wọ́n sì máa rọra fún bátìrì ní iná díẹ̀díẹ̀ títí BMS yóò fi mú wọn dọ́gba. Èyí tó bá ṣì ń ṣáájú kún lọ́sàn-án, tó tún ń ṣáájú gbẹ lóru, ti gbó nìyẹn. Pípààrọ̀ ló kù.

Lóòótọ́, iná ẹni tó so ó dáírẹ́ètì kò ní gé mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kún yóò máa mu lọ, yóò wú, yóò sì tu gáàsì tí ń gbiná sínú ilé tí ọmọ ń sùn sí.

Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ tó bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta lórí kọntiróólà, tó ní iṣẹ́ ti parí, Bàbá yóò ní ọmọ kékeré yìí kò mọ nǹkan kan. Èyí tó gé wáyà, tó da irin sílẹ̀ káàkiri pálọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní ẹnjiníà.