Bọ̀dá Ṣàdédé

“Mi ò ṣe nǹkan kan sí i o. Ó kàn ṣàdédé ni.”

Gbólóhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kò tíì kí èèyàn, kò tíì sọ ohun tó gbé e wá, ó ti ń ro ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè é sí. Láptọ́ọ̀pù wà nínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ abíyá rẹ̀, bí ẹni gbé adìẹ tó ń ṣàìsàn. Yóò gbé e lé orí tábìlì mi, yóò sún sẹ́yìn díẹ̀, yóò wá na ọwọ́ méjèèjì síta kí n lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ó lé ní ọdún méjìlá tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjù, lójú títì tó ti Ṣàngó Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò. Tírélà ilé-iṣẹ́ ní ń jí mi láàárọ̀. Yunifásítì Bells ò jìnnà sí mi, Covenant ò jìnnà sí mi, ilé-iṣẹ́ ò sì lóǹkà, nítorí náà kò sí irú kọ̀ǹpútà tí wọn kì í gbé wá: ti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ àṣekágbá sílẹ̀ lọ́la, ti akọ̀wé tó ń ka àpò ọjà, ti ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó gbé e wá lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ti sọ gbogbo wọn ní ẹyọ kan ṣoṣo, Bọ̀dá Ṣàdédé. Obìnrin wà nínú wọn, ọmọdé wà nínú wọn, mo mọ pásítọ̀ nínú wọn, mo sì mọ olùkọ́ yunifásítì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí mo bá ní “mo bà á jẹ́,” ẹ ti mú mi. Bí mo bá ní “ó bàjẹ́,” ẹ ṣì lè bi mí pé ta ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n “ó ṣàdédé bàjẹ́”! Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní bàbá, kò ní ìyá, kò sí ẹni tí ẹ máa rí mú. Nínú ayé Bọ̀dá Ṣàdédé, láptọ́ọ̀pù máa ń bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò gbé e lé. Ṣájà máa ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Fláàṣì máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ṣàngó, á lọ kó fáírọ́ọ̀sì, á wọ kèké padà wálé. Nígbà tí ìròyìn jáde ní 2018 pé òṣìṣẹ́ JAMB kan ní Makurdi ní ejò ló gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì, gbogbo Nàìjíríà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ejò yẹn. Ó máa ń wá sí ìsọ̀ mi.

Ọ̀kan wá lóṣù tó kọjá. Bọ́tìnnì kan ò ṣeé tẹ̀ mọ́.

“Ṣé omi ò kàn án?” mo bi í.

“Omi kẹ̀? Omi ò kàn án o, Ẹnjiníà. Mo lè búra.”

Mo dojú láptọ́ọ̀pù náà dé sórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ohun kan kán sílẹ̀, tó, tó, tó, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin, èèrà méjì sì bá a jáde. Mo fi ìka kàn án, mo gbé e sí imú. Malt ni. Mo wo ojú rẹ̀. Òun ń wo Malt náà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣáà rí i pé kì í ṣe omi.”

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó máa ń parọ́ níbi tí ẹ̀bi ò tiẹ̀ sí. Windows ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ sí, Event Viewer ni wọ́n ń pè é. Bí iná bá lọ tí bátìrì ò sì gbé ẹ̀rọ náà dúró, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá jí padà: Kernel-Power, nọ́ńbà 41, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú. Ní Ìjù tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bí àlejò tí ò rí ibi jókòó, nọ́ńbà 41 máa ń tò tẹ̀léra wọn bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Ta ló máa dá èèyàn lẹ́bi fún un? Síbẹ̀, bí mo bá bi í léèrè, yóò ní, “Láéláé! Mo máa ń pa á dáadáa kí n tó sùn.” Ìlà mẹ́tàlélógún ló wà níwájú mi lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ó bá sọ pé iná ló ń lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni n bá fi mọ̀ pé háàdì díìsìkì ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nítorí pé ó fẹ́ jẹ́ èèyàn dáadáa lójú mi, wákàtí mẹ́ta lọ sí i.

Nígbà kan mo rò pé babaláwo ló fi mí pè, pé ó fẹ́ kí n dá a, kí n fúnra mi rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹni tó lọ sílé babaláwo gan-an kì í parọ́. Kò ní sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ létí baba, òótọ́ ni, àmọ́ yóò gbé owó sẹ́nu, yóò sọ òkodoro rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún owó yẹn. Bọ̀dá Ṣàdédé ò sọ ọ́ fún mi, kò sì sọ ọ́ fún owó. Kò tiẹ̀ mú owó wá. “Ọlọ́run á san án fún yín” ló mú wá, pẹ̀lú “ẹ kàn bá mi wò ó, kò lè ju ìṣẹ́jú kan lọ.” Yóò wá fa àga, yóò jókòó sí ẹ̀yìn èjìká mi, yóò máa gbà mí nímọ̀ràn: “Ṣé ẹ ò wulẹ̀ ní fọ́ọ̀màtì ẹ̀ ni?”

Èmi kọ́ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ rí i. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní ọdún kìíní ti yọ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta fóònù ti fi antivirus méjì sórí ara wọn, àwọn méjèèjì sì ti ń bá ara wọn jà látìgbà náà. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní kó pa fáìlì kan rẹ́, ó pa á rẹ́. Ìdè ìdí ẹ̀rọ náà ò pé mọ́, mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló kù. Síbẹ̀, yóò ní, “Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí mo máa gbé e wá bá.”

Tó bá kan update, ó ní ẹjọ́ tó dà bí òtítọ́. “Ó ń jẹ dátà.” Mi ò ní jiyàn. Ní oṣù kìíní 2025 ni àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó lé owó, títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo wa la sì ń san án. Ṣùgbọ́n dátà tí kò tó fún update tó fún bọ́ọ̀lù, ó tó fún fíìmù, ó tó fún àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tuntun láti ẹnu wòlíì márùn-ún. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2017, Microsoft gbé àtúnṣe ihò kan jáde nínú Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò yẹn wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó ti fáìlì pa, ó ń béèrè dọ́là 300. Ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá aláìsàn padà sílé. Nǹkan bí oṣù méjì ni oògùn ti wà nílẹ̀. Bọ̀dá Ṣàdédé tòyìnbó wà, àbí ẹ rò pé àwa nìkan la bí i? Ní 2000, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU jáde láti Philippines, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí irun wọn ti funfun ṣí i torí wọ́n rò pé ẹnì kan kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí wọn.

Èyí tó mú mi gbé bírò dé ní Ọjọ́rú kan, aago mẹ́jọ alẹ́, òjò ń rọ̀, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ kékeré mi ń ké lẹ́yìn ìsọ̀. Akọ̀wé tó ń ka ọjà ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìhín ni, mi ò ní sọ ibẹ̀. Ó jù mí lọ dáadáa, òun sì tún ń pè mí ní “ẹ”, torí ó ní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

“Ẹnjiníà, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni o. Mo kàn ṣí i láàárọ̀ yìí ni, mo rí i tí gbogbo fáìlì ti yí orúkọ padà. Mi ò ṣe nǹkan kan sí i.”

“Láàárọ̀ yìí, sà?”

“Àárọ̀ yìí gan-an.”

“Ẹ ò gbé sọ́fúwìà kankan sórí ẹ̀?”

“Kí ni mo fẹ́ gbé sórí ẹ̀?”

Mo ṣí i. Nínú fódà kọ̀ọ̀kan ni ìwé pélébé kan wà, _readme.txt. Mo ti mọ fáírọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, STOP ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní Djvu. Dọ́là 980 ló ń béèrè kó tó tú fáìlì sílẹ̀. Bí èèyàn bá kàn sí àwọn tó rán an láàárín wákàtí 72, wọ́n á gbà á ní 490. Èyí kì í fọ́ ilẹ̀kùn. Inú kíráàkì ló máa ń lúgọ sí, nínú àwọn sọ́fúwìà olówó tí wọ́n ní ká wá gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá lọ wá a ló máa bá a pàdé.

Mo wo fódà Downloads. Kíráàkì CorelDRAW wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ fara pa mọ́. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, lẹ́yìn ìsìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ṣì hàn síbẹ̀: ètò ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀. Káàdì ló fẹ́ ṣe. Àwọn tó ṣe kíráàkì náà ní kó kọ́kọ́ pa antivirus, ó pa á. Windows bi í bóyá ó dá a lójú, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wá bi í ní ìbéèrè kan, torí mo mọ bí STOP ṣe ń ṣe. Nígbà tó bá ń ti fáìlì pa, ó máa ń gbé ojú ìwé kan síta tó jọ Windows Update, kí onítọ̀hún má baà fura.

“Ṣé ẹ rí update kankan lọ́sẹ̀ yìí?”

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tó wọlé. “Bẹ́ẹ̀ ni! Mo rí i! Mi ò tiẹ̀ pa á, mo ní kó ṣe é tán.”

Ọdún 2021 ni update tòótọ́ tó kẹ́yìn ti wọ ẹ̀rọ yẹn. Láti ìgbà náà ló ti ń tì í dànù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Èyí tó wá fún ní dátà, tó wá fún ní sùúrù, tó káwọ́ gbera jókòó dè, ayédèrú ni.

Mo bi í léèrè ẹ̀dà. Ó ní ẹ̀dà wà, inú fláàṣì ló wà. Fláàṣì náà sì wà lára ẹ̀rọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, wọ́n ti í pa mọ́ ọn. Ní oṣù kẹwàá 2019, ilé-iṣẹ́ Emsisoft gbé irinṣẹ́ kan jáde tó lè ṣí oríṣi STOP 148, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀. Tirẹ̀ ti kọjá àwọn wọ̀nyẹn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó tì í. Mi ò ní kó sanwó fún olè, torí olè lè gbowó kó má ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti ìyẹn sílẹ̀, Ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́rú, wákàtí 72 ti kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó lé e, tó ń tò “ó ṣàdédé” pọ̀ lẹ́nu. Ọdún méjì ni àkọsílẹ̀ ọjà tó lọ.

Ó dákẹ́. Òjò ń lu páànù. Ó wá sún mọ́ mi.

“Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi kọ ìwé kékeré kan sí máníjà. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà yín tó ní orúkọ ìsọ̀. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ̀rọ náà ṣàdédé bàjẹ́.”

Bí mo bá ní mi ò bínú, mo purọ́. Mo tún mọ bí wọ́n ṣe ń dá òṣìṣẹ́ dúró níbí, láàárọ̀, ní géètì, kí sẹ̀kúrítì gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí káàdì ìsìnkú yẹn. Mo fa bébà yọ.

“Ọjọ́ wo ni kí n kọ pé ó ṣẹlẹ̀, sà?”

“Òní,” ó ní. “Ẹ kọ òní.”

Mo kọ òní, mo sì tẹ òǹtẹ̀ lé e.