Mo Mọ Ọ̀nà Àgbádárìgì

Irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbejì mi rí àwòrán òkè Ìdànrè nínú ìwé wọn, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ gun òkè. Mo ro owó epo dé Ìdànrè, mo ní, “Òkè wà ní Àgbádárìgì.” Ilẹ̀ Àgbádárìgì sì rèé, ó tẹ́ bí ẹní: ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn, igi àgbọn láàárín.

Láti Mile 2 ni Ìyá Ìbejì ti ń bẹ̀ mí pé kí n tan Google Maps. Mo ní ẹni tó ti dé Àgbádárìgì lọ́dún 1998 kì í béèrè ọ̀nà. Mo ń wakọ̀, mo ń rojọ́, mi ò mọ̀gbà tí mo kọjá ibi tó yẹ kí n yà wọ̀lú. Ìgbà tí wọ́n dá wa dúró lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó yọjú sí fèrèsé ní, “Alàgbà, ṣé Kùtọnu lẹ̀ ń lọ ni?” Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ là ń forí lé. Ìyá Ìbejì ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà síta.

A ṣẹ́rí padà. Mo kó àwọn ọmọ lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí lọ́dún 1845. Ṣebí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, òkè ni. Kẹ́hìndé gun àkàsọ̀ dé òkè, ó ní, “Dádì, ó ti tán?”

Létí ọ̀sà, mo fẹ́ fi èdè Ògù yangàn. Mo kí ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi pé, “Mikuabọ!” Ẹ̀rín pa á, okùn ẹ́ńjìnnì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá, ẹ káàbọ̀ lẹ kí mi yẹn. Ta ni àlejò nínú èmi àti ẹ̀yin?”

Ní erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sétí òkun la tọ̀. Iyanrìn ni, ó gbóná, bàtà aláwọ sì ni mo wọ̀. Mo bọ́ ọ, mo ki kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kó má baà jábọ́ lápò mi, mo kó bàtà fún Táyé. A dé ìdí kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Àfi èmi ẹlẹ́nu, mo ní, “Omi kànga wo ló lè múni gbàgbé nǹkan?”

A padà sọdá. Mo dúró ti mọ́tò, mo ń tú àpò.

“Táyé, kí ló wà nínú bàtà mi?”

“Iyanrìn ni, Dádì. Mo ti bá yín gbọ̀n ọ́n dànù nídìí kànga.”

Ìyá Ìbejì wò mí látòkè délẹ̀. “Bàbá Ìbejì, àbí ẹ mu nínú omi yẹn ni?”

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ padà sétí omi lémi nìkan, ọmọkùnrin ọlọ́kọ̀ ti rí mi lókèèrè. Ó ké pé, “Mikuabọ!”

Ìyá kan tó ń ta àgbọn ló ti he kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi. Lọ́dún tó ń bọ̀, Ìdànrè là ń lọ. Ìyá Ìbejì ni yóò wakọ̀.