Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Bíléèdì!

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ti fi owó yín ra nǹkan rí tí nǹkan náà wá ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè fẹjọ́ sùn, torí ìyá àwọn ọmọ mi ti ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ bíléèdì mọ́ nínú ilé òun. Káfíńtà ni mí ní Àgọ́ Aláyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó níbí. Ẹ mọ agbègbè wa. Ilé gẹdú ni. Igbó ọba Olúwa ń bẹ nítòsí, síọ́míìlì ń ké nílùú Ore láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, arère, afárà, ọ̀mọ̀, ọ̀gànwó, kò sí èyí tí kì í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Nítorí náà kì í ṣe igi ló ń dà mí láàmú. Irin kékeré kan báyìí ni, kò gùn ju íǹṣì márùn-ún lọ, tí ẹ bá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ sì mí sí i, ẹ ò ní rí i mọ́. Òun ló fẹ́ sọ èmi ọkùnrin tó ti fi ayùn ọwọ́ la ìrókò rí di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì.

Àna mi tó wà ní Ìlú Ọba ló fẹ́ ṣe mí lóore. Ó fi ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan ránṣẹ́, scroll saw ni wọ́n ń pè é: bíléèdì rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ẹ̀yin á máa fọwọ́ yí pákó lábẹ́ rẹ̀, ó ń gé òdòdó, ó ń gé ẹyẹ, ó ń gé lẹ́tà orúkọ. Kódà ó ń gé àárín pákó láì kan etí rẹ̀, torí ẹ ó kọ́kọ́ fi dírìlì lu ihò, ẹ ó ki bíléèdì bọ ihò náà, ẹ ó wá dè é lókè àti nísàlẹ̀. Mo yọ̀! Mo pe àwọn ọ̀rẹ́, mo ra ẹlẹ́rìndòdò fún wọn. Wọn kò tíì mu ún tán tí bíléèdì tó bá ẹ̀rọ wá fi dá, pàì! Ibẹ̀ ni ayé ti gbógun tì mí.

Mo gba Ore lọ. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, bíléèdì ni bíléèdì ń jẹ́, ẹ mú èyí." Ẹ gbọ́ o! Bíléèdì ni bíléèdì ń jẹ́! Mo gbé e délé, orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní píìnì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tèmi, tí bíléèdì kò bá ní píìnì kékeré tó dábùú orí rẹ̀ méjèèjì, kò ní dì í mú láéláé. Mo padà lọ, ó fún mi ní ti jígísọ́ọ̀. Mo tún padà, ó fún mi ní ti ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, ó sì bínú pé n kò dúpẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, bọ́ọ̀sì Èkó tó ń lọ sí Benin àti Onitsha, gbogbo wọn ló ń dúró l'Ore kí èrò lè jẹun, tírélà ń kó ẹrù gbogbo ayé kọjá lójú wa, firíìjì, bàtà, òkìrìkà, kò sí ẹyọ kan tó máa já bíléèdì onípíìnì sílẹ̀ fún mi. Ìtọ̀ nìkan ni àwọn èrò ń fi ta wá lọ́rẹ!

Ẹ wá jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Sáńpépà, ẹ mọ̀ ọ́n: 60 rí gbágungbàgun, 220 jọ̀lọ̀, bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni iṣẹ́ ń dán. Ọmọ kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wàyí o, wọ́n dé orí bíléèdì, wọ́n yí ayé padà: nọ́ńbà 1 tín-ín-rín, nọ́ńbà 5 wà láàárín, nọ́ńbà 12 gbẹ̀ǹgbẹ̀. Ó dáa, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ka eyín, iye eyín tó bá wà nínú íǹṣì kan, bí eyín bá sì ti ń pọ̀ sí i ni bíléèdì ń kéré sí i. Nọ́ńbà ń gòkè, eyín ń sọ̀kalẹ̀! Kò sì tíì tán o, torí àwọn kan wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà 1 tí wọ́n ń kọ ní 0, 2/0, 3/0, tí 3/0 sì wá kéré ju 2/0 lọ. Ta ni mo ṣẹ̀? Ta ló jókòó síbì kan tó ní kí n má sùn?

Kí ẹ má sì rò pé ẹ kàn lè mú èyíkéyìí. Bíléèdì tí eyín rẹ̀ tó wà nínú pákó lẹ́ẹ̀kan náà kò bá tó mẹ́ta, ńṣe ni yóò máa gbọn pláìwúùdù jìgìjìgì, tí yóò já a gbà lọ́wọ́ yín, tí yóò sì ya abẹ́ rẹ̀ wúruwùru. Ẹ ní kí ẹ sá fún ìyẹn, ẹ mú eléyín wẹ́wẹ́, ẹ gbé e lé pákó íǹṣì kan àbọ̀, ìyẹ̀fun á kún àárín eyín, igi á máa jó, èéfín á gba ṣọ́ọ̀bù, aládùúgbò á sáré wá pẹ̀lú omi nínú bókẹ́ẹ̀tì. Bíléèdì kan wà tí àwọn eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè kí abẹ́ pláìwúùdù má bàa ya. Ó dára, mo jẹ́rìí sí i, ẹ lọ wá a l'Ore kí ẹ padà wá sọ fún mi. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni èyí tí wọ́n lọ́ bí okùn, tí eyín yí i ká, tó ń gé síwá sẹ́yìn sọ́tùn-ún sósì láì jẹ́ pé ẹ yí pákó, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ibi tó bá gé, ẹ ó rò pé eku ló jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde láti ara páànù irin pàápàá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan máa ń mú ju èkejì lọ, nítorí náà ẹ fa ìlà gbọọrọ, òun á máa wọ́ lọ sí ọ̀tún bí awakọ̀ tó ti rí búkà.

Igi náà wà nínú ọ̀tẹ̀ yìí o! Arère rọ̀, ó ń rùn nígbà tó bá tutù, ṣùgbọ́n kì í bá bíléèdì jà. Gmelina náà, igi tí wọ́n gbìn láti fi ṣe pépà, mo lè fara dà á. Ìrókò ńkọ́? Àwọn bàbá wa ní ẹ̀mí ń gbé inú ìrókò. Èmi kò rí ẹ̀mí kankan, òkúta ni mo bá níbẹ̀! Òkúta gidi, funfun, le koránkorán, igi náà ló ń ṣe é sínú ara rẹ̀, ẹ ò ní rí i lójú pákó títí bíléèdì yóò fi kọlù ú tí eyín á kán. Wọ́n ní "ó le kú, ìjà Ore," nítorí ogun abẹ́lé, nígbà tí wọ́n dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró l'Ore ní 1967. Mo kí àwọn akọni. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹnìkan nínú wọn fi bíléèdì nọ́ńbà 3 gé ìrókò íǹṣì méjì fún mi.

Ta ló wá fẹ́ iṣẹ́ ìrókò? Màmá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí n gé ỌLỌ́RUN TÓBI sí pákó fún ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wọn, kó dá lu já, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba inú rẹ̀ wọlé. Àárín Ọ á já bọ́ sílẹ̀ tí n kò bá fi afárá tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láti dì í mú. Mo fi í sílẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀, dírìlì lásán ló ṣe é. Àmì òkè ni ikú! Ihò tóóró tó dà gẹ̀rẹ́ yẹn kò fẹ̀ tó kí píìnì gbà á kọjá, bẹ́ẹ̀ bíléèdì aláìnípíìnì tó lè gba ojú ihò abẹ́rẹ́ kọjá, ẹ̀rọ mi kò gbà á. Tí mo bá sì lu ihò tí píìnì lè gbà, àmì ohùn á di orí ẹja. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ Màmá pé ṣé a kò lè yọ àmì òkè kúrò, ẹni tó bá mọ Ọlọ́run á kà á. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ ló máa sọ èdè bàbá mi di aláìlóhùn?"

Kí ni kí n fèsì? Mo dọ̀bálẹ̀. Mo padà sí Ore lọ sunkún fún ẹni tó ń ta irinṣẹ́, mo sunkún títí tó fi rẹ̀ ẹ́, ó ránṣẹ́ sí Èkó lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, ó sì kó bíléèdì onípíìnì dé, páálí kan gbáko, ó kọ orúkọ mi gàdàgbà sí i lára, ó ní n kò gbọdọ̀ má rà á tán torí kò sí ẹlòmíràn tó ń lò ó ní gbogbo Òdìgbó. Alẹ́ ọjọ́ tí mo sanwó náà gan-an ni àna mi pè láti Ìlú Ọba, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ní òun ti rí ẹ̀rọ mìíràn tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi, kò sì gba bíléèdì onípíìnì rárá.