Oríkì Ìbọn-Ló-Ṣèèṣì-Dún

Ìbọn-ló-ṣèèṣì-dún, mo kí ọ! Àgbà àwáwí, àrẹ̀mọ tésàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí í pa ìwádìí bí ẹní pa fìtílà. Ìwọ lo sọ AK-47 di abẹ̀mí: irin ààbò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ló sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, ọta, òun ló rìn wọ ihò, tírígà, òun ló fa ara rẹ̀. Ọlọ́pàá tó gbé e dání, òǹwòran lásán ni. Akọni tí kì í ta ògiri, tí kì í ta táyà! Ohun tó bá ń ṣèèṣì ní tòótọ́ kì í yan ojú. Ó yẹ kó máa ba òrùlé àti ilẹ̀ ju bó ṣe ń ba ènìyàn lọ. Síbẹ̀, ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn òkú la ti ń gbọ́ orúkọ rẹ. Bóyá ìbọn wa lójú ni o, bóyá àwọn tí kò pa ẹnikẹ́ni ló wà lábẹ́ ẹní. Èmi gba èkejì gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press tú ìwé àjọ agbófinró 258 wò ní 2019, irú rẹ tí wọ́n bá láti 2012 kò dín ní 1,422.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí àwa náà máa kà ọ́: gbogbo ìbọn ọlọ́pàá tó bá ṣèèṣì dún, ì báà pa ènìyàn, ì báà má pa, kó wọ inú ìwé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ ní bí a bá ń kà ọ́, ọlọ́pàá á máa fi ọ́ pamọ́. Ṣé a kì í ka ọta ni? Nínú ẹjọ́ agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Ajah lọ́jọ́ Kérésìmesì 2022, ẹ̀rí láti yàrá ìkóhun-ìjà-sí ni pé ọta 2 dín nínú èyí tí wọ́n fún ẹni tí ilé ẹjọ́ padà dájọ́ ikú fún. Ìwé ti wà nílẹ̀. Ìlà kan ló kù ká fà sí i fún ọ. Wọ́n tún ní yóò dójú ti ẹni tó ṣàṣìṣe láìmọ̀. Rárá o, òun gan-an ló máa gbà là: ẹni tí ìbọn rẹ̀ dún mọ́ ògiri níbi tó ti ń tú ọta, tó sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kò ní bá ẹni tó pa awakọ̀ ní ojú ọ̀nà jẹ́ orúkọ kan náà. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá New York ń kọ tiẹ̀ sínú ìròyìn ọdọọdún, kò sì tìtorí ẹ̀ wó. Nítorí náà, Kábíyèsí Àwáwí, wá kọ orúkọ: tésàn wo, agogo mélòó, níbo ni ìka wà?