Ta Ló Mutí, Táyé Ni àbí Kẹ́hìndé?

Ilé ọtí tí mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí kò lórúkọ. Ó ní pátákó o, àmọ́ òjò ti fọ orúkọ dànù lára rẹ̀, ó ku àwòrán ìgò kan àti nọ́ńbà fóònù tí kò pé. Igbó-Ọrà ló wà, l'Ìbàràpá, ládùúgbò tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 2006 ń gbé. "Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì" ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹ gbọ́ ná, ṣé àpèjúwe nìyẹn? Ní Igbó-Ọrà! Bí ẹ bá dúró láàárín ọjà ìlú yẹn tí ẹ pariwo "Ìyá Ìbejì!", ìdajì ọjà ni yóò dá yín lóhùn, ìdajì tó kù á bi yín pé èwo nínú wọn lẹ ń wá. Ọlọ́kadà tó gbé wa kọ́kọ́ já wa sílé onífùfú, ó tún já wa sọ́dọ̀ aránṣọ. Ìyá Ìbejì ni àwọn méjèèjì lóòótọ́, ẹnu wa ò gbà á láti bá a jà.

A dé ibẹ̀ ṣá. Bẹ́ǹṣì méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àga rọ́bà mẹ́fà tí àpapọ̀ ẹsẹ̀ wọn kò pé mẹ́rìnlélógún. Òrùlé páànù náà ní ihò, nítorí náà oríṣi Star méjì lẹ lè rí lálẹ́: èyí tó wà nínú ìgò, àti ìràwọ̀ tó ń yọjú láti ihò páànù. Èyí tó wà lókè ló tutù jù. Láti 1949 ni wọ́n ti ń pọn Star l'Ékòó, mo sì fura pé ìgò tí wọ́n gbé fún mi wà lára àwọn ti ọdún yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé kò sí fíríìjì o. Fíríìjì wà. Ìwé àwìn ló wà nínú rẹ̀, torí òun nìkan ni nǹkan tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú ilé náà.

Mo béèrè ilé ìtọ̀. Ìyá Ìbejì nawọ́ síta, ó ní, "Ìbàràpá fẹ̀, ọmọ mi."

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Bódìjà ló bá mi lọ, ẹni tí kì í jókòó mutí níbi tí kò bá sí iná aláwọ̀ mèremère. Ó béèrè bóyá wọ́n ní kọ́kítéèlì. Ìyá ní kó ṣàlàyé. Ó ní wọ́n máa ń po ọtí oríṣiríṣi pọ̀ ni, wọ́n á fi nǹkan kíkan sí i, wọ́n á fi nǹkan dídùn sí i. "Paraga lo ń wí látàárọ̀!" ni Ìyá Ìbejì dáhùn, ó sì bu ife kan fún un. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi ò béèrè nǹkan kan mọ́. Kò lè sọ̀rọ̀ ni.

Àwọn ọmọ iléèwé ló kún ibẹ̀ jù, wọ́n sì ní àwáwí tó jinlẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó bálì wọlé ní January 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ilé wa ni àwọn oníléeṣẹ́ bíà gbá mú. Ọmọ tó ń kọ́ nípa irè oko ti rí ibi sá sí nìyẹn. "Mọ́mì, ìwádìí ni mò ń ṣe o!" Ìwádìí tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ilé ọtí, òun náà ni wọ́n tún fi ń tì í. Ọkà bàbà tí ẹ bá fi han ọmọ yìí lóko, tí yóò ní koríko ni, bó bá ti dé inú ìgò báyìí, bí ilẹ̀ tiẹ̀ ṣú, á dá a mọ̀.

Àwọn olùkọ́ náà ń wá. Mi ò ní sọ iléèwé wọn, ṣebí Ìbàràpá ní ju ẹyọ kan lọ: Pólì wà l'Èrúwà, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ wà ní Lánlátẹ̀. Kọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á kẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ kankan má bàa dá wọn mọ̀. Wọ́n gbàgbé pé ìpàkọ́ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ń wò láti àárọ̀ tí wọ́n bá ń kọ̀wé sójú pátákó. "Ẹ káalẹ́ sà!" á wá dún láti bẹ́ǹṣì kejì, Ọ̀gá á ní òun wá ra píọ̀ wọ́tà ni.

Ife rọ́bà ni wọ́n fi ń mu gbogbo ẹ̀. Mo fẹ́ fi ìyẹn bú Ìyá Ìbejì, àfìgbà tí mo gbọ́ orin tó ń dún: Àyìnlá Ọmọwúrà. Ṣé ẹ rántí bí ọ̀gá àpàlà yẹn ṣe kú? Nílé ọtí l'Abẹ́òkúta ni, ní 6 May 1980, ife ni wọ́n là mọ́ ọn lórí níbi tí wọ́n ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ alùpùpù. Mo bá gbá ife rọ́bà mi mú, mo panu mọ́.

Ọtí inú ọ̀rá náà wà, lábẹ́ tábìlì. Ní 2024 ni NAFDAC ní ó parí, wọ́n tún ní ó di ìgbà díẹ̀ sí i. Òfin náà wá ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, ju àwọn tó ń mu ún lọ.

Àmọ́ wàhálà gidi tó wà nílé ọtí yìí, ìlú tó wà ló fà á. Níbòmíràn, bí èèyàn bá ti ń rí nǹkan ní méjì-méjì, ó mọ̀ pé ilé ti yá. Igbó-Ọrà ńkọ́? Dókítà Nylander tó ṣèwádìí nípa ìbejì lápá ilẹ̀ wa nígbà kan rí nǹkan bí 45 nínú 1,000 ìbímọ. Káàkiri ayé, kò ju bí 12 lọ. Láti 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe ọdún ìbejì níbẹ̀, tí ìbejì ń rọ́ wá láti ibi gbogbo. Ẹni tó bá mutí yó lọ́jọ́ náà, ta ni yóò sọ fún un? Àwọn ará ìlú ní ọbẹ̀ ilasa àti àmàlà ló ń fa ìbejì. Ìyá Ìbejì ní irọ́ ni, iná tí wọ́n ń mú lọ lálẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ àwìn ló wá fẹ́ pa á. Táyé kan mu ìgò mẹ́ta, ó ní òun ń bọ̀. Ìyá dè é lọ́nà lọ́jọ́ kejì. "Mọ́mì, ẹ ṣì mí mú, Kẹ́hìndé lèmi." Ó dé ìrọ̀lẹ́, Kẹ́hìndé yọ, ó ní Táyé lòun, òun ti sanwó. Ìyá bá ṣòfin: bí Táyé bá fẹ́ mu àwìn, kí Kẹ́hìndé wá jókòó tì í ṣe ẹlẹ́rìí. Kẹ́hìndé wá lóòótọ́. Nígbà tí òǹgbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹlẹ́rìí, òun náà ní kí wọ́n bu tòun wá. Gbèsè náà di ìbejì.

Síbẹ̀, mo gba ti ilé ọtí yìí ju ti Bódìjà lọ. Lọ́hùn-ún, owó iná aláwọ̀ mèremère wà nínú owó ọtí. Níbí, ọ̀fẹ́ ni òkùnkùn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Ìyá Ìbejì kì í gba tíránsífà mọ́, láti ọjọ́ tí Táyé àti Kẹ́hìndé ti fi aláàtì kan náà hàn án. Bó bá sì jẹ́ pé ìbejì ni yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkejì yín sílé.