Hítà Ẹ́ńjìnnì ní Àgọ́ Palace: Àkọsílẹ̀ Àṣìṣe Òǹkọ̀wé Kan

Hítà ẹ́ńjìnnì ni irin kékeré kan tí iná mànàmáná máa ń mú gbóná, tí wọ́n máa ń kì bọ inú ihò kan lára bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, ìyẹn odindi irin ńlá tí àwọn pístìnnì ti ń lọ sókè sódò, kí omi tí ó yí ẹ́ńjìnnì náà ká lè wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní ìdúró. Ihò náà kì í ṣe ihò tí wọ́n dìídì lu fún hítà. Iyanrìn ni wọ́n fi ń di àyè omi sílẹ̀ nínú bulọ́ọ̀kù kí wọ́n tó da irin yíyọ́ sí i, ojú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà kó iyanrìn náà jáde, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ìdérí irin pẹlẹbẹ dí i pa. Ẹni tí ó bá fẹ́ hítà yóò yọ ọ̀kan nínú àwọn ìdérí yìí, yóò fi hítà rọ́pò rẹ̀, yóò sì fa waya rẹ̀ jáde sí iwájú ọkọ̀ kí ó lè máa ki plọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní alẹ́.

Ará Amẹ́ríkà kan, Andrew Freeman, tí ó ń gbé ní Grand Forks ní ìpínlẹ̀ North Dakota, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí hítà ẹ́ńjìnnì kan ní ọdún 1949, kò sì sí ẹni tí ó mọ òtútù ibẹ̀ tí yóò béèrè ohun tí ó sún un dé ìdí rẹ̀. Bí òtútù bá mú gidigidi, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á ki bí oyin, agbára bátìrì á dín kù, dísẹ́lì pàápàá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì, nítorí ìda kan wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń dá sọ́tọ̀ nígbà òtútù tí ó sì máa ń dí àsẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì, tí Rudolf Diesel ará Jámánì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1893, ni ìyà náà máa ń jẹ jù, nítorí kò ní plọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ni ó máa ń fún pọ̀ títí tí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná débi tí dísẹ́lì tí wọ́n bá fọ́n sínú rẹ̀ yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ní Winnipeg àti Edmonton ní Kánádà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti pọ̀ báyìí, tí òtútù sì lè bọ́ sí 30 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ní Èkó, bí ọyẹ́ ti wù kí ó le tó, òṣùwọ̀n kan náà kì í sábà sọ̀kalẹ̀ kọjá 20. Kò sí ìdí kankan, nígbà náà, tí hítà ẹ́ńjìnnì fi yẹ kí ó ní ìtàn ní Àgọ́ Palace, àfi ti pé òǹkọ̀wé àròkọ yìí ń gbé ibẹ̀.

Àgọ́ Palace wà ní Okota, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí àti ìdí ẹja yíyan ni ó kún títì rẹ̀, ooru kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀ kódà ní òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ojúlé kan bá ń tú èéfín sí fèrèsé ojúlé kejì. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti gègé àti tákàdá, gbé ọkọ̀ akẹ́rù dísẹ́lì tòkúnbọ̀ kan tí ó ti Kánádà wá sí, pẹ̀lú èrò pé yóò máa fi í kó pákó àti sìmẹ́ǹtì fún àwọn tí ń kọ́lé. Ọkọ̀ náà kì í gbọ́ràn ní òwúrọ̀: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa yí, á máa yí, èéfín funfun á gba gbogbo àgbàlá, àwọn ayálégbé á sì máa pa fèrèsé dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó gbọ́n ì bá pe mẹ́káníìkì. Òǹkọ̀wé yìí ṣí ìwé, ó rí i kà nínú rẹ̀ pé èéfín funfun jẹ́ dísẹ́lì tí kò jóná nítorí pé inú ẹ́ńjìnnì tutù, èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ pọ́nbélé, ó sì wo iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó rí waya dúdú kan tí ó ní plọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ. Ó gbà pé ìwé àti waya ti fohùn ṣọ̀kan.

Ohun tí kò kà mọ́ ọn ni pé iná Kánádà kì í ṣe ti Nàìjíríà. Fólítì 120 ni hítà ọ̀hún ń fẹ́, èyí tí ó sì ń bọ̀ láti ara ògiri ní Àgọ́ Palace lè tó 240 ní ọjọ́ tí inú àwọn oníná bá dùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé bí fólítì bá di ìlọ́po méjì, iná tí irin ń fà yóò di ìlọ́po méjì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́rin ni ó máa ń dà, tí ó fi jẹ́ pé hítà tí ó yẹ kí ó máa fa 1,000 wáàtì yóò fẹ́ fa 4,000, èyí tí ó ju ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lè gbà lọ. Òǹkọ̀wé yìí ra ádápítọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí ń kiri ọjà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó so ó mọ́ waya, ó sì wọlé lọ jẹun. Yúníìtì inú mítà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ádápítọ̀ yọ́ bí àdí tí oòrùn pa, irin inú bulọ́ọ̀kù já, òórùn rọ́bà tí ó jóná sì dé ọ̀dọ̀ lándílọ́ọ̀dù ṣáájú ìròyìn. Ìyàwó òǹkọ̀wé kò béèrè ju ẹyọ ìbéèrè kan lọ: "Bàbá Ìbejì, ta ni òtútù ń mú?"

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé tí iná bá jó máa ń ka ọ̀ràn rẹ̀ sí àìtó ìwádìí, òǹkọ̀wé yìí sì gba ọjà Ládípọ̀ ní Mushin lọ, níbi tí ẹ̀yà ara gbogbo ọkọ̀ tí ó tí ì ré òkun kọjá pé sí, ó sì rí hítà àlòkù kan tí ó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lò ní Norway àti Sweden, níbi tí iná wọn jẹ́ fólítì 230 bíi tiwa. 550 wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé kò ṣe àfiwé ìbú rẹ̀ pẹ̀lú ti ihò tí yóò wọ̀, bẹ́ẹ̀ ìbú ihò bulọ́ọ̀kù ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Mẹ́káníìkì tí ó pè ni ẹni tí ó ti yọ tẹmọ́sítáàtì ọkọ̀ náà dànù tẹ́lẹ̀. Tẹmọ́sítáàtì ni ilẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì ráyè kọjá sí radiétọ̀ títí yóò fi gbóná tó bíi 82 tàbí 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì wa ló máa ń yọ ọ́ sọnù ní orúkọ pé ilẹ̀ wa gbóná, láìbìkítà pé ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó a máa jẹ epo ní àjẹjù, a sì máa tètè jẹ ara rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ pé ẹni tí òun yọ tẹmọ́sítáàtì fún kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè tutù ni ó tún gbé hítà wá, ó fi ṣípánà lélẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o," ni ó wí, "kí lẹ fẹ́ gan-an? Ṣé kó gbóná ni àbí kó tutù?" Òǹkọ̀wé yìí dá a lóhùn pé òun fẹ́ kí ó gbóná ní òwúrọ̀ kí ó má sì gbóná jù ní ọ̀sán. Ìdáhùn náà péye. Iṣẹ́ tẹmọ́sítáàtì ni ó ń ṣàlàyé, kò sì mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, aṣọ funfun ilé ìjọsìn sì wà lọ́rùn òǹkọ̀wé nígbà tí ó wọ abẹ́ ọkọ̀ láti bá mẹ́káníìkì mú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbàgbé láti kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ nù. Bí ìdérí ihò ti ṣí báyìí ni omi bóòhóòlù tí ó ti pọ́n fún ìpẹtà já lé òǹkọ̀wé lórí, láti fìlà dé bàtà. Hítà kò wá mú ihò dáadáa, nítorí náà mẹ́káníìkì fi gọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ mínìtì lẹ ẹ́, gọ́ọ̀mù alápá-méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ tí ó sì máa ń le kíákíá, èyí tí ó jẹ́ ìdáhùn Èkó sí gbogbo ìbéèrè nípa irin.

Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó ṣiṣẹ́. Bí iná bá wà láti òru mọ́jú, ọkọ̀ náà á sítáàtì ní òwúrọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba èéfín, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí a ti mú lọ́wọ́ọ́wọ́ yóò rọrùn láti jó ju èyí tí a kò mú lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ, ì báà jẹ́ ní Winnipeg tàbí ní Okota. Àṣìṣe tí kò bá so èso kankan kì í pẹ́ kí ẹni tó ṣe é tó jáwọ́, ṣùgbọ́n èyí ń so èso díẹ̀díẹ̀, ó sì wá di pé bí kò bá sí iná, òǹkọ̀wé yìí á tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará Èkó ń pè ní "I better pass my neighbour", tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ, kí ó lè fi gbé hítà yìí. Èyí já sí pé ó ń jó pẹtiróòlù kí dísẹ́lì lè jó, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí iye lítà kan sì fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà dé nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ní àwọn ìlú olótùútù, ewu kan wà tí gbogbo ẹni tí ń lo hítà mọ̀, òun ni kí ènìyàn gbàgbé láti yọ plọ́ọ̀gì kí ó tó wa ọkọ̀ lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n ibẹ̀ a máa fi waya kọ́ ara dígí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kí ó lè hàn sí wọn. Òǹkọ̀wé yìí ti ka èyí pẹ̀lú. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tí ó fà gba fèrèsé kíṣíìnì jáde ni àwọn ará ilé sì ti sọ di ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù, nítorí kò sí ẹni tí yóò rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná wà nínú rẹ̀ tí yóò kàn fi sílẹ̀ lásán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó ń kánjú, ó ṣíná sí ọkọ̀, ó sì já sí títì Àgọ́ Palace pẹ̀lú waya, ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, àti fóònù lándílọ́ọ̀dù tí ń ta gìdígìdì lórí ọ̀dà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá (wọn ì bá jẹ́ ọlọ́kadà, bí kì í bá ṣe pé ìjọba ìpínlẹ̀ ti lé ọ̀kadà kúrò ní Oṣòdì-Ìsọlọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022) ń pariwo pé, "Ọ̀gá, waya yín ń wọ́ nílẹ̀ o!" Òǹkọ̀wé rò pé wọ́n ń kí òun kú oríire ọkọ̀ ni. Ó juwọ́ sí wọn.

Rìwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí wọ́n pè láti tún waya tí ó já ṣe, ni ó tú àṣírí. Ọkọ̀ náà jẹ́ irú dísẹ́lì àtijọ́ tí wọ́n máa ń fọ́n epo sínú yàrá kékeré kan kí iná rẹ̀ tó tàn dé orí pístìnnì, ara ògiri yàrá yìí sì máa ń fa ooru afẹ́fẹ́ mu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi nílò irin kan tí yóò pọ́n wẹ̀ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó sítáàtì, yálà ní ìlú òtútù tàbí ní ìlú ooru. Hítà plọ́ọ̀gì ni àwọn mẹ́káníìkì ń pe irin náà, ọ̀kan sì wà fún pístìnnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn wà ní àlàáfíà. Relé tí ń fún wọn ní iná ni ó ti kú. "Bàbá," ni rìwáyà wí, "hítà mẹ́jọ ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí tẹ́lẹ̀. Kí lẹ wá ń wá ìkẹsàn-án sí?" Ó pààrọ̀ relé náà ní owó tí kò tó ti ádápítọ̀ tí ó yọ́, ọkọ̀ sì sítáàtì láì tú èéfín. Pẹ̀lú inú dídùn ni òǹkọ̀wé fi gé waya iwájú ọkọ̀ náà sọnù pátápátá.

Nígbà tí ó wá fẹ́ ta ọkọ̀ náà, oníbàárà kan yẹ̀ ẹ́ wò yíká. Kò bìkítà nípa gọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ mínìtì, kò sì béèrè tẹmọ́sítáàtì. Ó dúró síwájú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì béèrè ibi tí waya tí ó máa ń wà níbẹ̀ wọ̀, nítorí pé òun a máa fi í dá ojúlówó tòkúnbọ̀ Kánádà mọ̀. Òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láti orí Andrew Freeman ti ọdún 1949. Oníbàárà gbọ́ ọ dé ìdajì, ó sì ní kí ó yọ owó waya kúrò nínú iye tí ó pè.