Ilé Tó Wà ní Mápó, Tó Tún Wà ní Ọjàba

Ẹ̀bi mi ni, mo fẹ́ràn ìlà fífà jù. Ẹ fún mi ní gègé àti àwòrán Ìbàdàn àtijọ́, kíá ni n ó ti pín in: Mápó lọ́tọ̀, Ọjàba lọ́tọ̀, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrunka lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 kò ní ìjà nínú, orí òkè ló wà. Àmọ́ àwọn agboolé tó fara ti ara wọn láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà títí dé Ọjàba ńkọ́? Ibikíbi tí ìlà mi bá gbà, yóò fi yàrá baálé sí Mápó, yóò sì gbé ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ọjàba.

Ìdí nìyí tí fuzzy clustering, ìsọ̀rí tí kì í fi ìlà gé nǹkan, fi gbọ́n jù mí lọ. Ní 1965 ni Lotfi Zadeh ti sọ pé nǹkan lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan dé ìwọ̀n àyè kan. Dunn mú èrò náà wọ inú ìṣirò ìsọ̀rí ní 1973, Bezdek sì mú un gbòòrò ní 1981. Ilé kọ̀ọ̀kan á ní ìpín ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ gbogbo ìpín rẹ̀ á sì jẹ́ 1. Bí ilé kan bá jìnnà sí àárín Mápó ní mítà 100, tó jìnnà sí ti Ọjàba ní mítà 200, ìlànà tó wọ́pọ̀ á fún Mápó ní 0.8, á fún Ọjàba ní 0.2. Kọ̀ǹpútà á wá sún àárín kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ àwọn ilé tí ìpín wọn níbẹ̀ pọ̀, á tún ìpín ṣe, títí ohunkóhun kò fi ní yẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan á ní onílẹ́tà kò lè jíṣẹ́ sí ìpín 0.8. Òótọ́ ni, kó mú ìpín tó tóbi jù. Ṣùgbọ́n ìlà tèmi kì í jẹ́ ká mọ̀ bóyá 0.51 ni tàbí 0.99.

Àtakò tó ta mí jù ni ti 1 yẹn. Ilé kan ní Abẹ́òkúta jìnnà sí Mápó àti Ọjàba bákan náà, nítorí náà á gba nǹkan bí ìlàjì níhìn-ín, ìlàjì lọ́hùn-ún. Èmi tí mo fi ìlà la ilé onílé wá sọ ará Ẹ̀gbá di ọmọ Mápó! Krishnapuram àti Keller yọ òfin 1 náà kúrò ní 1993, kí ẹni tó jìnnà lè gba ìpín kékeré níbi gbogbo. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àkójọ yín.